Èdè Ilé Ẹni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Láti Gujarat dé Ọ̀tà

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ojú ni ó kọ́kọ́ tì mí kí n tó wá ìtàn náà kiri, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú ti tì mí.

Ní ìgbà ìsinmi kan, mo lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sàngó-Ọ̀tà kí n lè rí owó ìwé. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè náà mọ bí ó ti rí. Bí a bá ti kọjá afárá Sàngó, ọkọ̀ akẹ́rù ni, èéfín ni, ariwo ẹ̀rọ ni, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa wọ́ lọ wọ́ bọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Àwọn ará Íńdíà wà nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá tí ń ṣe àbójútó wa jẹ́ ará Gujarat, ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Bí ó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, yóò jókòó sí ìdí ògiri, yóò sì mú ìwé kékeré kan jáde. Lẹ́tà inú rẹ̀ kò jọ ti Òyìnbó, kò sì jọ ti Lárúbáwá. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní èdè ilé òun ni, Gùjárátì, àti pé àbúrò òun obìnrin gba oyè B.A. nínú rẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni èmi náà ń kà ní yunifásítì. Yorùbá ni mo ń kà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Mo wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan fún ẹ̀kọ́ mi, mo fi bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni fi aṣọ bo egbò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà n kò lè sùn dáadáa. Mo bi ara mi pé: Báwo ni ó ṣe jẹ́ tí ọmọ Gujarat lè dárúkọ ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn, tí èmi ọmọ Yorùbá sì ń fi tèmi pamọ́ lórí ilẹ̀ Yorùbá? Ìbéèrè yìí ni ó lé mi lọ sínú ìwé.

Èdè Gùjárátì kì í ṣe èdè àná. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, akéwì kan tí ń jẹ́ Narsinh Mehta ti ń fi í kọ orin ìyìn ní ìlú Junagadh. Ṣùgbọ́n kí èdè ní akéwì, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀tọ̀ ni. Ní 1848, Òyìnbó kan, Alexander Kinloch Forbes, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ahmedabad fún ìtọ́jú èdè náà, akéwì Dalpatram sì ni igbákejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Narmad, akéwì ọmọ ìlú Surat, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọ̀rọ̀ jọ títí ó fi di ìwé atúmọ̀ èdè. Nígbà tí a dá Yunifásítì Bombay sílẹ̀ ní 1857, Gẹ̀ẹ́sì ni ó jọba níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kàwé jáde níbẹ̀, agbẹjọ́rò Govardhanram Tripathi, ni ó padà sí èdè ìyá rẹ̀ tí ó kọ Saraswatichandra, ìtàn àròsọ alápá mẹ́rin tí ó jáde láàárín 1887 sí 1901.

Lẹ́yìn èyí ni Gandhi dé. Ọmọ Gujarat ni. Ní 1920, nígbà tí ó ń pe àwọn ọmọ Íńdíà kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Òyìnbó, ó dá Gujarat Vidyapith sílẹ̀ ní Ahmedabad kí wọ́n lè ní ibi tí wọn yóò lọ. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí gbogbo ayé ń kà lónìí, Gùjárátì ni ó fi kọ ọ́, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Navajivan láti 1925 sí 1929. Ní 1929 yìí kan náà ni Vidyapith tẹ ìwé àkọtọ́ èdè náà jáde, nítorí pé kálukú ti ń kọ ọ́ bí ó ti wù ú. Yunifásítì Gujarat bẹ̀rẹ̀ ní 1949, ìpínlẹ̀ Gujarat fúnra rẹ̀ sì dúró ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1960. Umashankar Joshi, akéwì tí ó ka èdè Gùjárátì àti Sanskrit ní yunifásítì, di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Gujarat ní 1966. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó wà nínú àwọn méjì tí ó pín ẹ̀bùn Jnanpith, ẹ̀bùn ìwé kíkọ tí ó ga ní Íńdíà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Bí a bá wo ọdún tí a bẹ̀rẹ̀, a kò kẹ́yìn. Ní 1843, ọdún márùn-ún kí Forbes tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ti jáde. Ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ni ó ṣe èyí. Ní 1852 ó tún fi gírámà kún un. Ní 1859 Ìwé Ìròyìn ti ń jáde ní Abẹ́òkúta. Ní 1875 àwọn ìjọ pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a óò ti máa kọ èdè yìí sílẹ̀, ó kù ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta kí àwọn ará Gujarat tó ní ìwé àkọtọ́ tiwọn. Ní 1884 gbogbo Bíbélì ti wà ní Yorùbá. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kò tètè jí.

Níbo ni a ti wá jáfara? Ọ̀tà gan-an lè dá wa lóhùn. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ìlú àtayébáyé sì ni. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1842. Ní 1854 ìjọ C.M.S. rán James White sí i, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró. Ó wà ní Ọ̀tà títí ó fi kú ní 1890, ìyẹn ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó bá àwọn ará Ọ̀tà jókòó, ó bá àwọn babaláwo jiyàn, ó bá àwọn abọ̀rìṣà sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Yorùbá ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ. Àwọn tí ó rán an níṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ka ìwé rẹ̀, wọn kò sì gbọ́ Yorùbá. Ìwé àwọn C.M.S. wà ní yunifásítì Birmingham lónìí. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti ìtàn Yorùbá ní 2000, ó rí nǹkan púpọ̀ mú nínú ohun tí White kọ. Nítorí náà, bí ọmọ Ọ̀tà kan bá fẹ́ mọ ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi dá oníwàásù lóhùn ní nǹkan bí ààdọ́jọ ọdún sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Nígbà tí yunifásítì dé ilẹ̀ wa, ìwà yìí náà ni a bá wọ inú rẹ̀. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní Látìnì àti Gíríìkì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oyè fún Yorùbá. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ èdè yìí jinlẹ̀ ní láti kọjá òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún èdè Éṣíà àti ti Áfíríkà. Níbẹ̀ ni Ida Ward ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí èdè Yorùbá jáde ní 1952. A kọ́ Gùjárátì nínú ilé yìí, a kọ́ Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú, àfi bí ọmọ ìyá méjì tí ó bá ara wọn pàdé ní ilé àlejò. Àmọ́ ṣá o, àwọn kan wà nílé tí kò dúró de yunifásítì. D. O. Fagunwa tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Isaac Délànọ̀, ọmọ Òkénlà ní agbègbè Ìfọ̀, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, tẹ ìwé Atúmọ̀ Èdè Yorùbá ní 1958, ó sì fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá nínú rẹ̀.

Àwọn ọdún 1960 ni ilẹ̀kùn ṣí. Ní 1966 nìkan, ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde, ìwé gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé náà jáde. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá fún oyè ní àwọn yunifásítì wa. Ní Yunifásítì Èkó, abẹ́ ẹ̀ka tí a sọ ní ti ẹ̀kọ́ Áfíríkà àti Éṣíà ni Babalọlá ti ń kọ́ni. Wándé Abímbọ́lá, tí ó ti ka ìtàn ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1971 nípa iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Èkó fi oyè ọ̀mọ̀wé dá lọ́lá nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó sì di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989. Bí Gujarat ṣe fi akéwì ṣe olórí yunifásítì, àwa náà fi babaláwo ṣe é. Ní 1974 a fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò títí di òní, tí aiye fi di ayé, tí nwọn fi di wọ́n. Láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì rí i pé ọmọ tí a fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn, kódà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, báyìí ni ọ̀rọ̀ ti dára tó. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè ìyá ni a óò máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, a fagi lé e, a ní kí Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó ń ka Yorùbá ní yunifásítì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún un. Iṣẹ́ tí ó ń fojú sọ́nà fún ni a tún sún sẹ́yìn.

N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ Sàngó kò béèrè oyè Yorùbá kí wọ́n tó gba ènìyàn. Kì í ṣe oyè Gùjárátì ni ó gbé ọ̀gá mi dé Ọ̀tà, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó fi ń báni sọ̀rọ̀. Ní Gujarat náà, àwọn òbí ń sáré gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá bá ń bi wá pé, "Kí ni o fẹ́ fi Yorùbá jẹ?" kì í ṣe ọ̀tá ni wọ́n. Ebi ni wọ́n ń bẹ̀rù fún wa. Ó yẹ kí a fi sùúrù dá wọn lóhùn, kí á sì fi iṣẹ́ dá wọn lóhùn pẹ̀lú, nítorí olùkọ́, akọ̀ròyìn, ògbufọ̀, àti òǹkọ̀wé eré kò lè tán láwùjọ tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ju oúnjẹ lọ. Kò pọn dandan kí gbogbo ọmọ Yorùbá ka Yorùbá ní yunifásítì. Díẹ̀ tó. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí àwọn díẹ̀ náà má ṣàì sí. Nígbà ayé White, kò sí ẹnì kan ní Ọ̀tà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bí ó ti jáde lẹ́nu wọn. Lónìí, ẹ̀ka-èdè Àwórì ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà Ọ̀tà, orin ẹ̀fẹ̀ ṣì wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ọmọ tí a sì bí sí àárín ilé-iṣẹ́ Sàngó ti ń dàgbà sínú Yorùbá àjùmọ̀lò àti èdè àdàlù. Bí a kò bá kọ wọ́n sílẹ̀ nísinsìnyí, ta ni yóò kọ wọ́n?

Nítorí náà mo dá àbá kan. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó bá fẹ́ kọ ìwé àṣekágbá, kí ó padà sí ìlú tirẹ̀. Kí ó jókòó ti àgbà kan, kí ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Kò ná wa ní owó púpọ̀. Ẹsẹ̀ àti etí ni ó fẹ́.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìsinmi kù ọjọ́ méjì kí ó parí, mo lọ bá ọ̀gá mi níbi tí ó gbé ń jẹun. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ òótọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Yorùbá ni mo ń kà." Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí yóò sọ ohun tí orúkọ ìlú yìí túmọ̀ sí fún òun. N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu ọ̀nà ilé àgbà tí mo máa kọ́kọ́ kàn.