Ọlọ́run Kan àti Òrìṣà Púpọ̀: Ọ̀ràn Ìrẹ̀lẹ̀

Púpọ̀ nínú àwa ọmọ ìjọ ni ó rò pé iye ni ó ya ẹni tí ń sin Ọlọ́run kan sọ́tọ̀ kúrò lára abọ̀rìṣà: pé àwa ní ọ̀kan, pé òun ní irínwó. Ọ̀ràn náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí ó parí ní 1884, wọn kò ní láti dá orúkọ titun fún Ẹlẹ́dàá. Ọlọ́run ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí a tẹ̀ ní 1962, tilẹ̀ jiyàn pé Ọlọ́run kan ni ẹ̀sìn wọn dúró lé, pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn òrìṣà. A gba apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀, a kò gba gbogbo rẹ̀. Ìránṣẹ́ tí a ń rúbọ sí, tí a sì ń bẹ̀rù ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, irú ìránṣẹ́ wo nìyẹn?

Lójú tiwa, ààlà ni ìyàtọ̀ náà. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ìpín: irin ni ti Ògún, òkun ni ti Olókun, ìlú kan sì lè ní tirẹ̀ tí ìlú kejì kò bọ. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ nínú ìpín òrìṣà, òrìṣà náà ni yóò bá a jà, òun náà ni a ó sì tù lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Ẹnìkan ṣoṣo ni ó dá ohun gbogbo, kò sí igbó tàbí odò kan tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orí a máa fọ́ ẹni tí ó bá mú, ojú rẹ̀ a ṣú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Ó kéré tán, ènìyàn 18 lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní ìlú sọ pé Malòkun ni ó ń jà, nítorí a ní àwọn kan ti wọ ojúbọ rẹ̀ láìgbàṣẹ. Kí a má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ikú tí a kò mọ ìdí rẹ̀ a máa lé ènìyàn lọ sí ibi tí ó bá mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣègùn wádìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, methanol ni wọ́n rí, májèlé tí ó wọ inú ògógóró. Ojú lásán kò lè fi í yàtọ̀ sí ọtí tí a ń mu. Bí a bá tètè gbé ẹni tí ó mu ún dé ilé ìwòsàn, ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n wákàtí tí a bá fi ń wá ẹbọ, májèlé kì í dúró.

Kí onígbàgbọ́ má tètè yọ̀ o. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì fi orúkọ Èṣù pe Sátánì, ó sì ti pẹ́ tí àwọn kan nínú wa ti ń fún un ní ìpín tirẹ̀, bí ẹni pé igbó kan wà tí ọwọ́ Ọlọ́run kò tó. Ẹni tí ó sọ pé kì í ṣe Malòkun ni ó pa wọ́n bí kò ṣe Èṣù, orúkọ nìkan ni ó pààrọ̀.

Láàrin oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ọdún kan náà, irú májèlé yìí tún wọ ògógóró ní ìpínlẹ̀ Rivers. Kò sí ojúbọ Malòkun tí ẹnikẹ́ni wọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ojú àwọn ènìyàn ṣú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì kú.