Èédú Abẹ́ Ilẹ̀ àti Ìfipamọ́ Gáàsì: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn

Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni ìwádìí lórí fífi gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, tó ń mú ayé gbóná, pamọ́ sínú èédú abẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1995, ní Allison, ìpínlẹ̀ New Mexico, Amẹ́ríkà, wọ́n gba ojú kànga 4 rọ́ gáàsì yìí sínú èédú. Mítéènì tí wọn yóò tà ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún ìfipamọ́. Èédú a máa di kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì mú ju mítéènì lọ, nítorí náà ni èkíní ṣe ń lé èkejì jáde.

Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí kan náà ló bí ìṣòro. Bí èédú ti ń fa gáàsì náà mọ́ra ni ó ń wú, tí àwọn ihò tóóró inú rẹ̀ sì ń dí. Ní Kaniów, ilẹ̀ Póláǹdì, ìgbà tí wọ́n fi agbára la èédú ní ọdún 2005 ni gáàsì tó ń wọlé láìdúró. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 760 tọ́ọ̀nù lọ.

Ìtàn yìí fi hàn pé bí èédú ti pọ̀ tó nìkan kò tó í gbójú lé. Ọ̀nà tí gáàsì yóò gbà wọ inú rẹ̀ ni olórí ọ̀rọ̀.