Ojú Ọ̀run Yàtọ̀ sí Orí Yìnyín

"Ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láìfara kanra" ni àwọn àgbà ń wí fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé ìgbéga ẹlòmíràn yóò dí òun lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò rí pápá họ́kì orí yìnyín rí. Ní NHL, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, pápá náà gùn ní 200 ẹsẹ̀ bàtà, ó fẹ̀ ní 85. Eléré 20 péré ni ẹgbẹ́ kan ń kó wá sí ìdíje: 18 tó ń sáré, aṣọ́lé méjì. Níbẹ̀, ẹyẹ ń fara kanra.

Ti aṣọ́lé ló burú jù, torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró lẹ́nu ilé. Nígbà tí Boston Bruins gba ife-ẹ̀yẹ Stanley ní 2011, Tim Thomas ló ṣọ́lé nínú gbogbo ìdíje 25 tó gbé wọn débẹ̀. Tuukka Rask, aṣọ́lé kejì wọn, jókòó, ó ń wòran. Thomas kúrò, àyè ṣí. Nígbà tó di 2014, Rask gba Vezina, àmì-ẹ̀yẹ aṣọ́lé tó pegedé jù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú nìyí: wọ́n rò pé ọ̀dọ́ tí kò rí àyè, kò tíì gbó ni. Anaheim Ducks yan Shea Theodore ní 2013, àmọ́ adẹ̀yìnmú ti kún ilé wọn dẹ́nu, ọmọ náà sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn àti ẹgbẹ́ kékeré wọn ní San Diego. Ní 2017, Vegas Golden Knights dé, wọ́n sì láṣẹ láti mú eléré kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ 30 tó ti wà. Anaheim wá fi Theodore tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Vegas, kí Vegas má baà fọwọ́ kan àwọn adẹ̀yìnmú tí Anaheim fẹ́ràn jù.

Ti William Karlsson tún ya èèyàn lẹ́nu. Ní Columbus, wọn kì í sábà fi í sí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Góòlù mẹ́fà ló gbá wọlé ní sáà 2016–17. Vegas mú òun náà, wọ́n fi í síwájú, ó gbá 43 wọlé ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àbí àárín oṣù mélòó kan ló kọ́ họ́kì ni?

Ká má parọ́ mọ́ ẹgbẹ́ tó kún, ṣá. Detroit fi Gustav Nyquist àti Tomas Tatar sí ẹgbẹ́ kékeré wọn ní Grand Rapids títí wọ́n fi gbó. Àwọn méjèèjì gba ife Calder, ife líìgì kékeré náà, níbẹ̀ ní 2013, Nyquist sì gbá góòlù 28 nínú ìdíje 57 fún Detroit ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn yìí ń dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbá eré lójoojúmọ́. Ẹni tó ń dúró lórí bẹ́ńṣì ń dípẹtà ni.

Ní 2023, Vegas gba ife Stanley. Theodore àti Karlsson wà níbẹ̀. Jonathan Marchessault, tí Florida jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó gbá góòlù 30 fún wọn, ló gba Conn Smythe, àmì-ẹ̀yẹ eléré tó ta gbogbo wọn yọ nínú ìdíje ife náà.