Ẹgbẹ́ Eré Ló Tọ́ Ọnà Dàgbà: Ìtàn Mbari Mbayo ní Òṣogbo

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1962, ilé-ọtí kan ní Òṣogbo di ilé ọnà. Dúró Ládiípọ̀, ọmọ ìlú náà tó jẹ́ olùkọ́ àti akọrin, ló ni ilé. Mbari Mbayo ni wọ́n sọ ọ́. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, eré ti ń wáyé nínú àgbàlá rẹ̀, àwòrán ti wà lára ògiri rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí ti ń ya àwòrán níbẹ̀, ẹgbẹ́ eré tó fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó sì ti ṣeré dé ìlú Berlin. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ kò ju pé àwọn Òyìnbó kan dé, wọ́n pín ọ̀dà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé wọn kò jìnnà, wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọnà Òṣogbo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Kíláàsì ọjọ́ díẹ̀ kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a kà sí i lọ́rùn. Bí a bá wo àwọn tó jókòó síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti wá, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, a ó rí i pé ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn gan-an. Orí ìpìlẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà ti fi lélẹ̀ ni kíláàsì ti kọ́lé.

Ká tó dé Òṣogbo, Ìbàdàn ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ọdún 1950. Kò pẹ́ tó fi kọjá sí ẹ̀ka tó ń gbé ẹ̀kọ́ yunifásítì tọ àwọn àgbàlagbà lọ nínú ìlú wọn. Iṣẹ́ yìí ló gbé e kúrò nínú ọgbà yunifásítì lọ sí Ẹdẹ, sí Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1958. Ní ọdún 1957 ni òun àti Janheinz Jahn dá ìwé ìròyìn Black Orpheus sílẹ̀. Ní ọdún 1961, òun àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Chinua Achebe àti Ezekiel Mphahlele láti South Africa dá Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nítòsí ọjà. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ Uche Okeke àti Demas Nwoko níbẹ̀, àwòrán Jacob Lawrence láti Amẹ́ríkà náà dé ibẹ̀, wọ́n ṣe eré, wọ́n sì tẹ ìwé ewì Okigbo àti ti Clark jáde. Ilé pàtàkì ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń jíròrò. Aráàlú tó ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ sí ọjà kò ní ìdí púpọ̀ láti yà síbẹ̀.

Ti Òṣogbo yàtọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí pé ìjà orin ló bí i. Ọmọ ìdílé ìjọ Áńgílíkà ni Ládiípọ̀. Iṣẹ́ ìwàásù ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ onílù sì ni bàbá bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ ní Òṣogbo, ó sì gbé ìlù Yorùbá wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kò fara mọ́ ọn: létí wọn, ìlù òrìṣà ni ìlù yẹn, kò sì yẹ kó dún nínú ilé Ọlọ́run. Mbari Ìbàdàn gba orin tí ìjọ kọ̀, ibẹ̀ ni Ládiípọ̀ sì ti rí i pé ilé kan lè wà tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í ṣe ilé-ìwé, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti rí àyè. Ó padà sílé, ó sì sọ ilé-ọtí rẹ̀ di irú ilé bẹ́ẹ̀. Orúkọ Mbari tí wọ́n mú láti inú èdè Igbo ni àwọn ará Òṣogbo gbọ́ bí Yorùbá, tí wọ́n fi mbayo kún un. Ọba Mọ́rọ̀ ni eré tí wọ́n fi ṣí i, ìtàn Aláàfin tó mú àwọn iwin tí àwọn ìjòyè fi ń dẹ́rù bà á. Nígbà tí ilé pé ọdún kan ní 1963, Ọba Kò So, eré Ṣàngó, jáde. Ọba Wàjà tẹ̀ lé e ní 1964, lórí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin Ọba tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1945. Yorùbá ni èdè wọn, ìjálá, oríkì àti ìlù bàtá sì wà nínú wọn. Àwọn tó ń wòran kò nílò ògbufọ̀: ìyá ọlọ́jà, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ọmọ kékeré jùmọ̀ ń wọlé.

Inú ilé tó ti kún báyìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán ti wáyé. Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, ló darí àkọ́kọ́ ní 1962. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ níbẹ̀. Ru van Rossem láti Netherlands kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà bí a ṣe ń fín àwòrán sára irin tí a ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ní 1964 ni Georgina, tó di aya Beier, darí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, tí Twins Seven-Seven, Mùráínà Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi, Jimoh Buraimoh àti Tijani Mayakiri gbà jáde. Georgina kì í gbé àpẹẹrẹ síwájú wọn pé kí wọ́n wò ó yà, kì í sì í dárúkọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yà. Ó máa ń fún wọn ní ohun èlò, á dúró, á wo ibi tí ọwọ́ kálukú ń lọ, á wá sọ fún un ibi tí agbára rẹ̀ wà. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń ṣe kí wọ́n tó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Afọlábí, Ògúndélé, Mayakiri àti Oyèlámì, òṣèré Ládiípọ̀ ni wọ́n. Buraimoh ló ń bójú tó iná mànàmáná orí ìtàgé. Oníjó ni Twins Seven-Seven, ẹni tó bá àwọn tó ń polówó oògùn kiri dé Òṣogbo, tó sì tìtorí ijó rẹ̀ di ará ilé náà. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé abẹ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n wà, inú àgbàlá kan náà ni wọ́n sì ti ń jí ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹgbẹ́ eré ló kọ́ wọn. Láàárín Yorùbá, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọnà kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó fẹ́ gbẹ́ igi, tó fẹ́ rọ irin tàbí tó fẹ́ lu dùndún yóò lo ọdún lọ́dọ̀ ọ̀gá. Yóò gbálẹ̀, yóò ru ẹrù, ojú rẹ̀ yóò gbà á kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbà á. Ẹgbẹ́ eré alárìnjò àti ti Hubert Ògúndé, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, gba ọ̀nà yìí kan náà: òṣèré ń gbé pẹ̀lú ọ̀gá, ó ń kọrin, ó ń jó, ó ń rán aṣọ, ó ń gbé ẹrù ìtàgé. Ẹni tó bá ti ṣe Ọba Kò So lálẹ́ lemọ́lemọ́ ti mọ bí ọba ṣe ń jókòó, bí ẹni tí òrìṣà gùn ṣe ń gbé ejìká, bí àwọ̀ aṣọ kan ṣe ń jà pẹ̀lú èkejì lábẹ́ iná. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé àti ọ̀dà síwájú rẹ̀, àwòrán ti wà lójú rẹ̀, ọwọ́ ló kù. Ẹ̀rí tó le jù wà ní Ìbàdàn: irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wáyé níbẹ̀ náà, Williams àti van Rossem sì wà lára olùkọ́. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́ gidigidi. Bruce Onobrakpeya, tó ti kàwé jáde ní Zaria, mú iṣẹ́ títẹ àwòrán láti inú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbari, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ń pè ní ọnà Mbari Ìbàdàn. Kálukú wá, ó kọ́, ó padà síbi tó ti wá. Ní Òṣogbo, wọn kò padà síbì kankan, ilé kan náà ni wọ́n tún jí sí.

Àwọn kan yóò ní bí kò bá sí Beier àti Georgina, ẹgbẹ́ eré ìbá kàn máa ṣeré lọ ni. Òtítọ́ ńlá wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n wá ohun èlò, àwọn ni wọ́n ń ra iṣẹ́ nígbà tí kò sí oníbàárà, àwọn ni wọ́n gbé ìpàtẹ lọ sí òkè òkun, Georgina sì ń tọ́ àwọn tó rí ẹ̀bùn lára wọn sọ́nà lẹ́yìn tí kíláàsì ti tán. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé owó Congress for Cultural Freedom ló ran Mbari Ìbàdàn lọ́wọ́, àjọ tí ayé wá mọ̀ ní 1966 àti 1967 pé CIA ló ń fi owó sẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ṣílẹ̀kùn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú ilé. Beier àti aya rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1966. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ni òpó, ilé ìbá wó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò wó: Ládiípọ̀ ń ṣeré lọ títí ó fi kú ní 1978, Twins Seven-Seven ń yàwòrán lọ títí UNESCO fi sọ ọ́ di Oníṣọ̀nà fún Àlàáfíà ní 2005, Buraimoh mú ìlẹ̀kẹ̀ wọ inú àwòrán, Fábùnmi mú òwú, ọ̀nà kálukú sì yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà tó kàwé. Ní Zaria, láàárín 1958 sí 1961, Okeke, Nwoko, Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti ẹgbẹ́ wọn ti ń jà fún ọnà tí yóò da ẹ̀kọ́ Òyìnbó pọ̀ mọ́ ogún ilẹ̀ wa. Lójú ọ̀pọ̀ irú wọn, ńṣe ni Òyìnbó mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn ará Òṣogbo sílẹ̀ láìkọ́ wọn tó, torí pé àìkàwé wọn ló ń ta ọjà. Nígbà tó sì yá, iṣẹ́ náà di àwòrán iwin kan náà tí wọ́n ń tún yà fún àlejò. Ìdajì ẹ̀sùn yìí tọ̀nà. Àwòrán àwòtúnyà kún Òṣogbo lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó ṣẹlẹ̀: nígbà tí ìpolongo àti oníbàárà ti pọ̀, tí ẹni tó fẹ́ di ayàwòrán kò nílò kó ṣeré, kó lùlù tàbí kó kọ́ ìtàn mọ́. Ọ̀nà ìyàwòrán ṣẹ́kù, ẹgbẹ́ tó ń bọ́ ọ ti lọ. Àléébù náà gan-an gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Àtakò kẹta ló gba kí n mú ọ̀rọ̀ mi gbòòrò díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni ńlá nínú ọnà Òṣogbo ló ṣeré. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni Àṣírù Ọlátúndé ti jáde, ó sì ń lu àwòrán sára bàbà àti alumíníọ́mù. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tó ń fi símẹ́ńtì mọ ère nínú igbó Ọ̀ṣun pẹ̀lú Susanne Wenger, igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn wọ̀nyí kò gba ọ̀dọ̀ Ládiípọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá kọjá, ọdún pípẹ́ sì ni. Àwọn obìnrin ni ibi tí ilé náà ti kùnà jù. Wọ́n wà lórí ìtàgé, Abíọ́dún aya Ládiípọ̀ sì di gbajúmọ̀ nípa ṣíṣe Ọya, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni gbogbo orúkọ tó ta yọ nínú kíláàsì ìyàwòrán. Níkẹ Òkúndayé, ẹni tó kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ nínú ìdílé, ló wá dí àlàfo yìí: ní 1983 ó dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkọ́ṣẹ́ tó pẹ́ ni tirẹ̀ náà, kì í ṣe kíláàsì ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn tó jogún Mbari Mbayo fi èyí hàn. Ní Ilé-Ifẹ̀, yunifásítì gbé ibùdó Orí Olókun kalẹ̀ sáàárín ìlú, kì í ṣe sínú ọgbà rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré ibẹ̀ ló gbé The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí jáde ní 1968, ijó, orin àti àwòrán sì wà lábẹ́ òrùlé kan. Ní Agbarha-Otor, Onobrakpeya bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Harmattan ní 1998, níbi tí àwọn oníṣọ̀nà ti ń padà wá lọ́dọọdún. Lónìí, ọ̀pọ̀ ibùdó ọnà ni a ń fi iye kíláàsì àti iye ìwé-ẹ̀rí díwọ̀n, torí pé ìyẹn ló rọrùn láti kọ sínú ìròyìn fún àwọn olówó. Ìtàn Òṣogbo ní kí a bi ibùdó ní ìbéèrè mìíràn: nígbà tí olùkọ́ àlejò bá ti kó ẹrù rẹ̀, ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí sì ni wọ́n jọ ń ṣe? Ibùdó tí kò bá ní ìdáhùn, kó kọ́kọ́ lọ wá ẹgbẹ́ tó ti wà nínú ìlú, ìbáà jẹ́ ti eré, ti ìlù tàbí ti aláró, kó sì fún un ní yàrá. Kíláàsì lè tẹ̀ lé e.