Lẹ́ǹsì inú ojú: ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ

Tẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún bá ń na ìwé jìnnà kó tó lè kà á, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Lẹ́ǹsì kan wà lẹ́yìn ọmọlójú wa. Nígbà èwe ó rọ̀, ó máa ń yí padà bá a bá ń wo nǹkan tó wà nítòsí. Bọ́jọ́ orí ṣe ń lọ, ó ń le. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwa oníṣòwò ò fi rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọjà mọ́.

Awò ìkàwé ló yẹ ká kọ́kọ́ gbìyànjú. Kò gba abẹ rárá.

Dókítà tún lè yọ lẹ́ǹsì ọ̀hún, kó fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Harold Ridley ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sójú èèyàn, ní London lọ́dún 1949. Àwọn tó ní katarákì, ìyẹn tí lẹ́ǹsì ojú wọn ti ṣú, ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Àwọn míì ń ṣe é torí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ awò ìkàwé.

Oríṣi lẹ́ǹsì ọ̀hún ò kan ṣoṣo:
- Èyí tó ń ríran síbì kan péré. Bó bá jẹ́ ti òkèèrè, a ṣì máa lo awò láti kàwé.
- Èyí tó ń rí òkèèrè àti ìtòsí. Ó wọ́n jù, iná ọkọ̀ sì lè máa ní òrùka yí ká lóru. Kí awakọ̀ rò ó dáadáa.
- Wọ́n tún lè fi ojú kan sí òkèèrè, èkejì sí ìtòsí. Kì í bá gbogbo èèyàn lára mu.

Lẹ́ǹsì àbínibí tí wọ́n bá ti yọ ò ní padà mọ́. Torí náà, ẹ béèrè: ṣé katarákì ni àbí ọjọ́ orí lásán? Irú lẹ́ǹsì wo? Ṣé mi ò ní lo awò mọ́? Èló ni fún ojú méjèèjì? Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gilakóòmà wà níbẹ̀, torí lẹ́ǹsì olójú púpọ̀ kì í sábà bá irú ojú bẹ́ẹ̀ mu. Bí ẹ ò bá gbọ́ èdè ibi tí ẹ wà, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè Ọya, ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ti ilé dé ilé fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ǹsì sẹ́yìn ojú. Wọn kì í fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti fọ́jú níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kaduna, ẹ̀ka ojú sì wà láwọn ọsibítù ńlá yunifásítì. Ojú ni a fi ń ṣòwò. Ẹ má fi ṣeré.