Ìrókò: Pákó Rẹ̀, Ìwúlò Rẹ̀, àti Ìdí Tó Fi Ń Wọ́n

Ìrókò wà lára àwọn igi tó ga jù nínú igbó wa. Ó lè ga tó mítà 50. Milicia excelsa ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò gẹdú ní Yúróòpù ń lò títí di òní. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní Lókò. Láàárín wa, igi òrìṣà ni. Olúwéré ni a ń pe ẹ̀mí tó ń gbé inú rẹ̀, a kì í sì í gé e láìṣe ètùtù.

Bí pákó rẹ̀ ṣe rí

Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ó pupa rúsúrúsú bí ìyeyè. Bó bá pẹ́, á ṣú díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbẹ, mítà kúbù kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 650. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, òjò kì í tètè mú un jẹrà, kì í sì í tètè tẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé, àtẹ̀gùn, àga, tábìlì àti ọkọ̀ ojú omi.

Ó ní àléébù méjì. Òkúta funfun líle lè fara pamọ́ sínú rẹ̀, tí yóò ba ẹnu ayùn jẹ́. Ìyẹ̀ rẹ̀ náà lè fa sísín, ara yíyún àti ikọ́ fée. Kí káfíńtà fi aṣọ bo imú.

Ìdí tó fi ń wọ́n

Ní agbègbè Datcha àti Atakpamé, tíìkì, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní teck, ni a sábà máa ń rí nínú oko igi. Igi Éṣíà ni. Àwọn Jámánì tó ṣàkóso Tógò títí di 1914 ló mú un wá. Kí ló dé tí a kò gbin ìrókò bẹ́ẹ̀? Kòkòrò kékeré kan, Phytolyma, ló fà á jù. Ó máa ń yé ẹyin sára ewé tuntun, ewé á wú di kókó, orí igi kékeré náà á sì kú. Níbi tí a bá gbin ìrókò pọ̀ sí lójú kan, ó lè pa púpọ̀ nínú wọn.

Yàtọ̀ sí èyí, ìrókò ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, abo nìkan ló sì ń so. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń gbé irúgbìn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Tí a bá gé abo kan ṣoṣo tó kù nítòsí, akọ tó ṣẹ́kù kò lè so. Ní 1998, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn igi tó sún mọ́ ewu ìparun.

Nítorí náà, ìrókò tí èèwọ̀ àwọn bàbá wa dá sí ní ojúbọ lè jẹ́ ìyá irúgbìn fún gbogbo agbègbè náà.

Ohun tí ẹgbẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bá wa kọ ìrókò ìlú yín sílẹ̀: ibi tó wà, orúkọ tí wọ́n ń pè é, bóyá ó ń so, ìdílé tó ń tọ́jú rẹ̀, àti èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ayùn tó dé ìdí rẹ̀.