Okotie-Eboh àti Owó Ọdún 1959: Láti Ilé Aṣòfin Ìbàdàn sí Àga Ìṣúná

Festus Okotie-Eboh, oníṣòwò láti agbègbè Wàrì, wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn lọ́dún 1951 lábẹ́ ẹgbẹ́ NCNC. Alátakò ni ẹgbẹ́ yìí níbẹ̀. Action Group tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ló ń ṣèjọba. Lọ́dún 1954 ó bọ́ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, ó sì di mínísítà ìṣúná lọ́dún 1957. Ipò náà ló wà tí àwọn ológun fi pa á ní oṣù Kìíní ọdún 1966.

Kí òun tó débẹ̀, àjọ kan tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1912 ló ń pèsè owó tí wọ́n ń ná ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Iye tí àjọ náà bá kó síta, ó gbọ́dọ̀ ní pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì tó dúró fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sì lè yá ìjọba kankan lówó. Òfin ọdún 1958, tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí nígbà Okotie-Eboh, ló dá Báńkì Àpapọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1959 ni báńkì náà ṣílẹ̀kùn, ọjọ́ yẹn náà ni owó tuntun jáde. Roy Fenton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni gómìnà rẹ̀. Iṣẹ́ mínísítà ni láti mú òfin la ilé já, kí ó sì dáhùn fún un. Iṣẹ́ aṣòfin gan-an nìyẹn.

Òwú wà lára tọ́rọ́ tuntun, imọ̀ ọ̀pẹ wà lára ṣílè, ẹ̀pà wà lára ṣílè méjì. Kòkó ni wọ́n yà sára sísì. Síbẹ̀, orí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wà ní òdìkejì, Gẹ̀ẹ́sì ló sì rọ wọ́n. Fún àgbẹ̀ Lálúpọn, Mọ́níyà tàbí Àkànrán, sísì tuntun kò ra ju ohun tí ti àtijọ́ ń rà lọ: pọ́n-ùn Nàìjíríà kan ṣì jẹ́ pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan, Àjọ Ọjà ti Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn, ló sì ń dá iye kòkó. Iye yẹn máa ń kéré sí ti ọjà àgbáyé, ìjọba ẹkùn a sì fi àjẹṣẹ́kù ṣe iṣẹ́ ìlú. Àsọdùn ni, nítorí náà, láti pe ọdún 1959 ní òmìnira owó. Agbára tí báńkì ní láti yá ìjọba lówó ni àyípadà gidi, ìyẹn kò sì hàn lójú owó.

Awólọ́wọ̀, tí wọ́n jọ jókòó nílé Ìbàdàn, gba ìṣúná àpapọ̀ lọ́dún 1967. Ní oṣù Kìíní ọdún 1968, láàárín ogun abẹ́lé, ìjọba pààrọ̀ owó bébà. Ọdún 1973 ni náírà dé: ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, kòkó sì tún wà lára rẹ̀.